Fisa Théophile

Ọjọ́ Ajé, 7 Sẹ́tẹ́ńbà 1964
Lẹ́tà dé láti yunifásítì ní Nàìjíríà. Wọ́n gbà mí! Kí n dé kó tó di 5 Ọ̀kítóbà, pẹ̀lú fisa akẹ́kọ̀ọ́, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú – bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Màmá rẹ́rìn-ín. Látìgbà tó ti ń ru ìkòkò gba Adjarra kọjá ẹnubodè sí Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó béèrè papié, ìwé ìrìnnà, lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 10
Bírò fisa, Kútọnu. Akọ̀wé ibẹ̀, mo sọ ọ́ ní Dígí – awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ìwé ìbí, ìwé-ẹ̀rí bac tí mo fi jáde girama, lẹ́tà pásítọ̀. Ó tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Kò tán. Nínú lẹ́tà rẹ̀, Pásítọ̀ Akambi kọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé, Ọlálékan, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ìwé yòókù ní Théophile, mẹ́rìnlélógún. Dígí ní: ta ló ń lọ nínú ẹ̀yin méjèèjì?
Ẹ̀gbọ́n mi ni Théophile. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó kú. Bàbá ò ṣèwé ìbí fún mi. Nígbà tí mo tó iléèwé lọ, ó fi tẹ̀gbọ́n mi forúkọ mi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Dowa, àdúgbò wa, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í sáà fi papié sin òkú.

Ọjọ́rú, 16
Mo bẹ Pásítọ̀ kó tún un kọ. Ó ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Ó fún mi lọ́sàn. Inú bí mi. Mo jẹ ọsàn náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Mo sọ fún Dígí pé ọ̀kan nínú wa ti kú. Ó ní kí ìyá wa búra níwájú adájọ́, kó sọ èyí tó kú. Bó bá sọ òótọ́, òkú ló gba bac, èmi ò níwèé-ẹ̀rí kankan. Bàbá ti kú. Màmá ò sì dárúkọ Théophile létí mi rí.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Mo sọ fún Màmá. Ó ń fọ abọ́. Ó mú èyí tó ti mọ́, ó tún un fọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24
Ilé ẹjọ́. Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì. Ó ní Ọlálékan ló kú. Ibà ni, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ra bàtà tuntun fún un. Ó sunkún. Mi ò mọ èyí tó ń sunkún fún nínú wa. Adájọ́ buwọ́ lù ú.

Ọjọ́rú, 30
Fisa ti jáde. Mo ti di ẹrù. Látọjọ́ ilé ẹjọ́, Màmá ò pè mí ní Ọlálékan mọ́. Láàárọ̀ yìí, ó bu ẹ̀kọ sílẹ̀: "Théophile, wá jẹun. Ọ̀nà jìn."
Mo dáhùn kíákíá. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ mi lára tó ló bà mí lẹ́rù.