Kọ́kọ́rọ́ Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Rèé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Mo kí yín o. Mi ò ní í béèrè àlàáfíà yín, torí mo mọ̀ pé ara yín le: ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kò lè pariwo tó èyí tí ẹ lọ pa sí Ìyá wa létí. Ara tèmi náà le, Ọlọ́run ò gbàgbé mi.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ajé, tòun ti kọ́kọ́rọ́ ilé nínú rẹ̀. Ẹ ní kí n padà wá kíá, kí n wá máa ṣọ́ ilé, torí pé mi ò kúkú níṣẹ́. Ẹ tún sọ fún Ìyá wa pé èmi ni mo fi ilé sílẹ̀ tí omi táǹkì fi ba àga àti rọ́ọ̀gì jẹ́, pé mo lọ ń gbafẹ́ kiri ìgboro. Háà! Èmi, gbafẹ́? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ, kí ẹ sì ka ìwé yìí fún Ìyá wa láì fo ìlà kan.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Ohùn àwọn dókítà ni mò ń gbọ́, tí mò ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó lè wọ fáìlì aláìsàn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀, wọ́n lè fún ẹni ẹlẹ́ni ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé mi ò wọ bàtà jáde láàárọ̀, mo di ẹni tí ẹ lè rán níṣẹ́ nígbàkigbà. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi pè lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí n lọ dúró de onígáàsì. Èkejì, ẹ yọ sẹ́yìn mi tẹ̀yin ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ ń lọgun pé ta ló jẹ búrẹ́dì yín tán. Gbogbo wọn ló rí yín. Ọ̀gá mi ní wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́ pátápátá, pé tí ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, kí n wáṣẹ́ míì.

Ẹ̀kẹta ọ̀hún ni ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, aago mẹ́wàá. Ẹ mọ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó níbi tí mo ti ń sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mi, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kò síná láàárọ̀, mo sáré gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bá mi tan jẹnẹrétọ̀ díẹ̀ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, torí ó ní ibi tó ń lọ. Kí n tó padà, àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo pè yín. Ohun tí ẹ sọ rèé: “Dúró síbẹ̀ de plọ́ńbà tó fẹ́ tún táǹkì ṣe. Tó bá dé, pè mí, màá wá ṣílẹ̀kùn. Ṣebí o ò níbi tí ò ń lọ.” Ẹ sì pa fóònù.

Mi ò dúró. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Ní ilé ìkàwé, wọ́n ń fọ ilẹ̀, wọ́n ní ó di ọ̀sán. Ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà lódìkejì afárá, ẹ̀ṣọ́ bi mí pé ta ni mo wá rí. Mo ní iná ni mo wá rí. Ó ní kí n máa lọ. Obìnrin tó ń ta tíì ní ẹni tó ra ife kan ṣoṣo kì í fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì òun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì mọ bí ìlú ṣe tóbi tó, àfi tí ẹ bá ń wá àga kan àti ihò iná kan, tí aago mẹ́wàá ń bọ̀. Inú bí mi débi pé mò ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, ẹ̀yin ni mo sì ń bá jà. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ni mo já wọ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn, ọkùnrin kan wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n ti gẹ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.” Onígbàjámọ̀ ò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ wáyà, ó ní, “Ki tìẹ bọ̀ ọ́.” Ó yíjú sí oníbàárà rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù, irun yín ò ní í sá lọ.” Ọkùnrin yẹn fi ìdajì orí jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, kò wúkọ́. Ọ̀gá mi wò mí títí, ó ní ọ́fíìsì mi mà ní dígí o. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún lójú àjèjì méjì.

Inú ń bí mi sí yín, kò sì tíì rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì kí tèmi má bàa bàjẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ mu ọmú kan náà, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, ọwọ́ yín gan-an lorí ọmọ ti wọ́. Mo ti gba yàrá kan nítòsí ibẹ̀. Onígbàjámọ̀ ta kọ́tìnì sí kọ̀rọ̀ kan fún mi, tí ìpàdé bá ti yá, á ní kí gbogbo orí dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yín rèé, mo dá a padà.

Kí Ọlọ́run bá yín ṣọ́ ilé yín, torí èmi ò ṣọ́ ọ mọ́. Kó dá ẹ̀mí Ìyá wa sí fún wa. Màá wá kí wọn nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má torí mi wá.

Èmi ni,
Àbúrò yín obìnrin tí kò níbi tó ń lọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: plọ́ńbà yẹn wá gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ níbí lánàá. Ó ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ lòun dé ilé yín, òun bá àgádágodo, omi ti ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, òun sì pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bi í pé kí lẹ sọ. Ó ní ẹ ní kóun padà wá lọ́jọ́ kejì, pé ẹnu iṣẹ́ lẹ wà, èèyàn kì í sì í torí omi fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.