Sí Ìyá Mi, Nípa Etí Tí Mo Fi Ń Tún Ẹ́ńjìnnì Ṣe

Ìyá mi àtàtà, ẹ̀yin amọ̀kòkò tó bí mi,

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú mi rí kí wọ́n tó máa pè mí ní Alájì. Mo ru amọ̀ títí àárín orí mi fi pá kí n tó mọ ṣòkòtò wọ̀. Mo ru ẹrù ní réluwéè. Mo sùn lábẹ́ lọ́rì ní gáréèjì Kánò, ẹ̀fọn jẹ mí, ọ̀gá mi fi bẹ́líìtì fáànù nà mí títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tí ẹ sọ mí. Mo lọ ogun Bọ́mà, mo tún ọkọ̀ ológun ṣe nínú ẹrẹ̀ tó mù mí dé orúnkún. Ilé-ìwé kankan ò mọ̀ mí, àfi ilé kéwú tí mo sá kúrò níbẹ̀, àti ẹ̀kọ́ àgbà tí mo fi irùngbọ̀n funfun jókòó kọ́, èyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí fúnra mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo là já. Lónìí mo kọ́ ilé alájà, mo ti dé Mọ́kà, kò sì sí ọkọ̀ olówó ńlá ní Ìlọrin tí kò tíì wọ ọgbà mi rí. Ta ló tún ń ṣe irú ẹ̀?

Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn yín o. A ò ná pọ́n-ùn mọ́, náírà ni. Ìjọba ní ká máa wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, a sì ń wà á.

Ẹ ò bi mí rí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi, ẹ kàn ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín níbi amọ̀ pé ọmọ yín gbọ́ èdè irin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí. Epo mọ́tò méjì ló wà: régúlà àti súpà. Àwọn èèyàn rò pé súpà ló gbóná jù, pé agbára ló ní. Irọ́ ni. Sùúrù ló ní. Ẹ́ńjìnnì a máa fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ gírígírí, kí iná pílọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ sí i. Régúlà ò ní sùúrù. Bí wọ́n bá fún un jù, á gbiná fúnra rẹ̀ kí àṣẹ tó dé. Súpà á dúró. Nọ́ńbà tí àwọn òyìnbó ń pè ní ọ́kítéènì, sùúrù epo ló ń wọ̀n. Takisí tí kì í fún epo púpọ̀, régúlà tó o jẹ. Ẹni tó bá ra súpà sí i, ó da owó nù ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ eré sísá, àwọn tó rẹlẹ̀ bí alángbá yẹn, wọ́n ń fún epo bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Súpà ni oúnjẹ wọn.

Èmi ni mo ń sọ ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Táímìn ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá yí i síwájú díẹ̀, ọkọ̀ á ní ipá. Bí mo bá yí i jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agbè. Ibi tí ipá parí sí tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, etí lásán ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ń kó ọkọ̀ wá bá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde, tó tutù, ẹ óò fi egungun ìka kàn án, ẹ óò dẹtí. Èyí tó bá dún gooro di ọjà. Èyí tó bá dún pọ̀ọ̀ ti sán nínú, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Ẹ̀yìn yín ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ọ.

Ìyá mi, etí náà ló ń lọ. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Lóṣù tó kọjá epo wọ́n, súpà ò sí rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní GRA, ẹnjiníà ìjọba, tó gbé ọkọ̀ eré sísá pupa kan bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án àfi èmi. Ó fẹ́ lọ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Jẹ́bà, régúlà ló rí rà, ó ní kí n bá òun yí táímìn sẹ́yìn kí epo aláìnísùúrù yẹn má bàa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo yí i, mo dẹtí, mo ní ó tó. A gbé e gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Sóbì, nítorí orí òkè ni ọkọ̀ ti ń jẹ́wọ́. A ò tíì gùn ún dé ìdajì tó fi wò mí lójú.

“Bàbá, ó ń kàn. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní etí alákọ̀wé máa ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Mo bi í pé èmi àti òun, ta ló tún ọkọ̀ ọ̀gágun ṣe ní Bọ́mà. Ó wo irun funfun mi, ó kọjú sọ́nà. Kó tó dé Jẹ́bà, písítìn kan ti lu. Lọ́rì ló wọ́ ọkọ̀ náà padà. Kò bú mi o. Ó ní bóyá epo burúkú ni. Àánú yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Èmi náà di epo burúkú mú. Mo ń sọ ọ́ káàkiri pé wọ́n ti da kẹrosíìnì mọ́ ọn, títí di ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo ń lọ ṣe àlùwàlá, mo rí ìkòkò omi yín lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ó ṣófo. Mo fi ìka kàn án bí ẹ ti ń ṣe. Pọ̀ọ̀ ni mo gbọ́. Inú bí mi. Mo pe Ìyá Ràmátù, ìyàwó mi, mo ní ta ló gbé ìkòkò ìyá mi sán nílẹ̀ nínú ilé yìí? Ó ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò bá mi jà. Ó pọn omi kún un dé ẹnu, ó gbé e sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ó lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé, omi ò dín. Àfi òógùn tí ìkòkò máa ń là. Ó da omi náà nù, ó kàn án lójú mi.

“Alájì, gooro ló ń dún létí tèmi.”

Ó gbé ìkòkò padà sẹ́nu ọ̀nà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó mọ irú ẹni tó fẹ́.

Mo lọ sí ọgbà. Mo tan ẹ́ńjìnnì kan, mo fi orí sukurudíráfà gígùn tì í, mo gbé ìdí rẹ̀ sétí. Díẹ̀ ni mo gbọ́. Mo wá fi eyín dì í mú. Ìyá, gbogbo rẹ̀ ló wọlé, kedere, bíi ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín.

Nígbà tí ọjọ́ yín ń lọ, ẹ máa ń gbé ìkòkò ti àgbọ̀n kí ẹ tó kàn án. A rò pé eré àgbà ni. À ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣé etí yín ti lọ nígbà náà? Ta lẹ sọ fún? Nígbà tí mo bá jókòó tì yín tí mo ń ròyìn ilé tí mo ń kọ́, tí ẹ ń mi orí, ṣé ẹ ń gbọ́, àbí ẹnu mi lẹ kàn ń wò? Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún yín láyé yìí. N ò mọ èyí tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohùn yín gan-an, mo máa ń wá a. Orin tí ẹ ń kọ sínú imú tí ẹ bá ń yí amọ̀, mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀, dídún rẹ̀ ni n ò rí mú mọ́. Mo sunkún. Èmi tí n ò sunkún ní Bọ́mà.

Sukurudíráfà ò sì lè gbà mí. Ọkọ̀ tó dúró ni mo lè gé jẹ. Orí òkè, nínú eré, ni kíkàn ti ń wá, ibẹ̀ sì gba etí tó yè. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní ìlú yìí tó ní in: Jòsáyà, ará Ọ̀mù-Àrán, tí a jọ kọ́ṣẹ́, tó máa ń tẹ̀lé mi wálé wá jẹ ẹ̀kọ yín. Láti ìgbà tí kálukú ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, n kì í dárúkọ rẹ̀ láì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń ní ó ń yí táímìn bí ẹni ń gún iyán. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ nígbà náà pé etí rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. N ò sọ ìyẹn fún yín rí.

Mo ti ra písítìn tuntun, èmi náà ni mo rà á, ó ti wọlé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Àtàláátà, n óò wa ọkọ̀ pupa yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jòsáyà ní Fate, lọ́sàn-án gangan. N óò sọ fún un níwájú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé n kì í gbọ́ ọ mọ́. Bó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n óò jẹ́ kó ṣe é tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà n óò wà á gun Sóbì, òun yóò jókòó tì mí. Bó bá ń kàn, kó gbé ọwọ́ sókè. N óò dúró, n óò bọ́ sílẹ̀, n óò yí i sẹ́yìn bí irun orí kan, a óò tún gùn ún, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúró sórí itan rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bá mi kẹ́ yín. Ìfẹ́ yín ò kúrò lára mi.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin.