Jagun Tí Kò Rìn Níwájú Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ó rẹ̀ mí. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá sọ ọ́ létí Ìyá Rasheed, kíá ló máa gbé fóònù, á pe àwọn ọmọ jọ. Nínú ilé yìí, àárẹ̀ bàbá ti di ìròyìn.

Èmi Gbádérọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí wọ́n tó fà mí lé aránṣọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìwé? Mo kọ́lé sí Baṣọ̀run. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge. Abẹ́rẹ́ ni mo fi rán àwọn ọmọ lọ sí yunifásítì. Ohun tí mo kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi ni OJÚ NI TÉÈPÙ, kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Oníbàárà á wọlé, màá ní kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó rìn padà, kó jókòó, kó dìde. Ó tán. Mo ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mi ò na téèpù sára ẹnikẹ́ni rí. Godswill tó ń bá mi ránṣọ ló máa ń gbé e kọ́rùn kiri bí ẹni gbé ejò. Téèpù ni mo sọ ọ́.

Alágbàfọ̀ tún ti ba sòkòtò mi jẹ́. Ó ti fà á gùn. Ó ń wọ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 8

Mutmainah, àbígbẹ̀yìn mi, gbé wàláà rẹ̀ wá sí pálọ̀. Èmi ni mo ń pè é ní wàláà — ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan báyìí, ó ń fi kálámù kọ ọ́ lójú bí ọmọ ilé-kéwú. Iṣẹ́ tó ń ṣe: yíya ènìyàn tí ìyá kankan ò bí, kó sì ṣètò aṣọ sí wọn lára, kí àwọn mìíràn tó wá sọ wọ́n di géèmù. Ilé-iṣẹ́ kan ní Bodija ló ń bá ṣe é. Bí èyí bá dára lójú wọn, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí àwọn ayàwòrán.

Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ni Jagun Ọlábọ̀dé. Ìtàn Jagun: ó jagun títí ogun fi sú u, ó gba oko lọ, ó ń gbin iṣu. Ogun tún dé, ìlú ránṣẹ́ pè é. Mo wò ó. Awọ ẹkùn. Owó ẹyọ. Ìyẹ́. Ìgbànú mẹ́rin!

Mo ní, ìgbànú mẹ́rin? Ṣé sòkòtò rẹ̀ fẹ́ sá lọ ni?

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá, kó lè jọ akọni ni o."

Mo ní akọni wo ló ń kó gbogbo àpótí rẹ̀ wọ̀? Ẹni tí wọ́n pè láti oko, aṣọ oko ni yóò wọ̀ dé. Gbárìyẹ̀ kíjìpá, aláró tó ti ṣá. Kí èjìká ọ̀tún ti họ, níbi tí ọkọ́ máa ń jókòó sí. Kí ó sì fi etù lẹ etí aṣọ náà — etù ara ẹ̀wù ogun rẹ̀ àtijọ́, tó fúnra rẹ̀ fà ya. Kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ọkùnrin yìí ò fẹ́ jagun mọ́.

Ó kàn ń yà. Ó pa ìgbànú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá kun gbogbo Jagun ní dúdú, bí òjìji, ó ní ṣé mo ṣì mọ̀ ọ́n? Mo ní ó jọ olè tó wá wú iṣu oníṣu. Ó ní ohun tó ń dun òun nìyẹn: nínú iṣẹ́ àwọn, bí ènìyàn bá tilẹ̀ di òjìji, aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì pe orúkọ rẹ̀. Ó ká apá aṣọ kan lé èjìká, ó fi ìkejì sílẹ̀ kó balẹ̀. Òjìji náà yí padà. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Mi ò sọ fún un pé ó dára. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo lọ sùn.

Jímọ̀, 10

Rasheed, àkọ́bí mi, yà kí wa lẹ́yìn ìrun. Ọ̀gá Ọ́fíìsì. Láti Onírèké, tòun ti bàtà tó ń kọ mànà. Ó jẹun tán, ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ẹ sinmi. Bàbá, ojú ti ń dà yín. Ó tún hú ọ̀rọ̀ agbádá Alhaji Luqman jáde, èyí tí apá kan kúrú ju ìkejì lọ nígbà Iléyá. Mo ti sọ fún wọn pé èjìká Alhaji ló wọ́! Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní agbádá èṣín ni Alhaji wọ̀ lọ sí Yídì.

Ibẹ̀ ni Mutmainah ti dá sí i. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn fẹ́ kí ẹnì kan rán aṣọ Jagun ní ti gidi, kí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara wọ̀ ọ́, kí òun lè rí bó ṣe ń ṣẹ́ po àti bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ kí òun tó parí àwòrán. Ó ní Bàbá lòun fẹ́ kó rán an.

Rasheed rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré yẹn, tí wọ́n ń rín ní ọ́fíìsì.

Mo ní ó dáa. Bí aṣọ yìí bá bá ẹni tó ni ín mu, Rasheed ò gbọdọ̀ dárúkọ ìsinmi fún mi mọ́ títí wọ́n á fi gbé mi sin. Bí kò bá bá a mu, màá gbé àlùmọ́gàjí mi lé e lọ́wọ́, màá ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun gbà. Ìyá Rasheed ní, "Olóríkunkun bí olóríkunkun." Mi ò mọ èwo nínú wa ló ń bú.

Àìkú, 12

Sòkòtò mìíràn. Òun náà ń wọ́lẹ̀. Màá lé alágbàfọ̀ yìí.

Ìṣẹ́gun, 14

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Dàmọ́lá lórúkọ rẹ̀. Ó gbé gíláàsì dúdú sórí, kì í fi bojú — Onígíláàsì. Ó dọ̀bálẹ̀ ṣá, àyà kanlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó gbé Jagun dání, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá gbàgẹ̀dẹ̀ bí èyí tí àwọn olóṣèlú fi ń gbé ojú wọn kọ́ títì. Wọ́n fi kọ́ ara ògiri mi láti àjà dé ilẹ̀. Téèpù ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin yìí ga o. Iyán nìkan ni wọ́n ń jẹ nílé wọn."

Ẹni tó máa wọ aṣọ náà ń jẹ́ Adégbìtẹ́, ọmọkùnrin kan tó ń gbé irin kí ara rẹ̀ lè le, ní Bodija. Wọ́n ní yóò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí n lè rí i. Mo ní kó wá. Kó wá rìn. Mo ní kí ti ara ògiri náà rìn. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Àbámẹ́ta, 18

Òjò. Adégbìtẹ́ pè, ó ní omi ti gba ọ̀nà, ó di ọ̀sán.

Mo dúró. Orúnkún ń ro mí. Kíjìpá wà lórí tábìlì, Jagun wà lára ògiri, ó ń wò mí. Mo wá rò ó: kí ni mò ń dúró dè? Ṣebí ẹnì kan náà ni? Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, láti èjìká dé kókósẹ̀. Mo mú àlùmọ́gàjí. Wàràwàrà. Mo gé e tán. Téèpù la ẹnu sílẹ̀.

Nígbà tí Adégbìtẹ́ fi dé, mo ti nà sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kó máa lọ, mo ti rí i.

Ó ní, "Níbo, Bàbá?"

Mo nawọ́ sí ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 23

A rán an tán. Téèpù fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ó na apá aṣọ náà, ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yìí gùn o. Àbí ìnàkí ló fẹ́ wọ̀ ọ́?" Mo ní kó panu mọ́. Ẹni tí ò lè mọ ìwọ̀n ìyá tó bí i láìsí téèpù.

Ó rẹ̀ mí wọ egungun.

Àbámẹ́ta, 25

Bodija. Gbogbo wa. Ìyá Rasheed wọ ìborùn tuntun.

Adégbìtẹ́ wọ̀ ọ́. Aṣọ gbé e mì. Ọkùnrin bí ìrókò — ọwọ́ rẹ̀ sọnù sínú apá aṣọ, etí aṣọ ń gbálẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó kọsẹ̀, ó di ògiri mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹlòmíì tún ń bọ̀ wá bá mi nínú ẹ̀ ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rasheed fi ìborùn bo ẹnu. Rasheed ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo ti fi àlùmọ́gàjí sápò wá, ọkùnrin kì í yẹ àdéhùn. Mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Mutmainah ní, "Ẹ dúró."

Ó mú téèpù. Ọmọ tèmi! Ó wọn apá aṣọ, ó lọ síbi tí wọ́n gbé Jagun mìíràn kọ́, ẹ̀dà ti ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọn apá Jagun. Ọgbọọgba. Èjìká. Ọgbọọgba. Láti ọrùn dé etí aṣọ. Ọgbọọgba. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, Bàbá ò ṣì í. Jagun ni wọ́n rán an fún. Àwa tí à ń ya akọni, a máa ń dín orí wọn kù ni, a máa ń fa apá àti ẹsẹ̀ wọn gùn, kí wọ́n lè kún ojú. Kò sí ẹni tó rí bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n bó bá wà, aṣọ rẹ̀ rèé."

Onígíláàsì hó yèè. Ó ní irú ojú wo nìyí! Wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn Adégbìtẹ́, wọ́n gbé e kọ́ igi gíga kan, wọ́n tan fáànù sí i. Aṣọ náà ṣẹ́, ó rọ̀, ó wú, bí ẹni pé Jagun wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ Mutmainah ń sáré lójú wàláà.

Rasheed dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ ti borí. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́."

Mo rìn jáde bí ọba. Sòkòtò ń wọ́ tẹ̀ lé mi.

Àìkú, 26

Mo sọ ọ́ ní mọ́sáláásí. Mo sọ ọ́ fún alápatà. Mo sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó gbé mi. Ojú Gbádérọ̀! Ó ń wọn ẹni tí Ọlọ́run ò dá!

Ìṣẹ́gun, 28

Wọ́n gbà á. Mutmainah ti di olórí wọn. Ó ra súyà wá sí ṣọ́ọ̀bù láti Sábó, ó fi Jagun tó ti parí hàn mí. Ó dúró lẹ́bàá ebè, ọkọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kọ sí ìlú. Aṣọ wúwo lára rẹ̀. Èjìká ọ̀tún ti họ. Mo ní ó dára. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́ láṣọ, Bàbá." Ó sunkún díẹ̀, ó lọ.

Elépà kan wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì sọ igbá kalẹ̀ tó ti rí ti ara ògiri. Ó ní, "Yéè, Bàbá, irú ẹ̀dá wo rèé? Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan orúnkún. Orí rẹ̀ wá rí bí àgbọn."

Mo wò ó. Mo fara balẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni.

Elépà rí i. Téèpù rí i, ó pè é ní ìnàkí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wo ènìyàn, mi ò rí i. Kì í ṣe aṣọ ni mò ń wò láti ọjọ́ yìí. Ènìyàn ni. Èjìká tó ti ru ẹrù rí. Ikùn tó ń bọ̀ lọ́nà. Ká ní ìgbà kan ni, màá wo Jagun lẹ́ẹ̀kan, màá ní ta lèyí? Kò sí ẹni báyìí. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ṣùgbọ́n kò rìn, mi ò sì dúró de ẹni tó máa rìn. Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ jókòó.

Ohun tí wọ́n fi dá mi láre yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Rasheed ò mọ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́rú, 29

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo mú sòkòtò kan dání láti ilé. Tuntun. Èmi ni mo gé e fún ara mi, omi ò tíì kàn án, alágbàfọ̀ ò rí i rí.

Mo ní, "Godswill." Ẹ̀rù bà á. Kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi rí. Mo ní kó mú téèpù rẹ̀ wá. Ó ní ta ni kí òun wọ̀n, Ọ̀gá? Mo ní èmi.

Ó rò pé mò ń dán òun wò. Mo bọ́ bàtà, mo fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jagun. Ó kúnlẹ̀. Ó na téèpù láti ìbàdí mi dé kókósẹ̀. Ó tutù. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń tutù báyẹn lára.

Ó wọn sòkòtò tuntun. Ó tún wọn ẹsẹ̀ mi. Ó wọn sòkòtò tí mo wọ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí.

Mo ní, sọ ọ́.

"Ọ̀gá, gígùn kan náà ni àwọn sòkòtò méjèèjì." Ó dúró síbẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò sọ pé èmi ni mo ti kúrú sí i.

Mo gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́. Mo ní kó gé etí gbogbo wọn kúrò, kó má wo ojú mi, kó wo téèpù. Oníbàárà kan wọlé bó ṣe ń gé e. Mo ní kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó rìn padà. Ó rìn. Mo wò ó dáadáa, èjìká rẹ̀ òsì rẹlẹ̀, bàtà rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní, "Háà, Bàbá, ojú ni téèpù!" Mo ní kó nà ró, Godswill fẹ́ wọ̀n ọ́n.

Alágbàfọ̀ ò ṣẹ̀ mí rárá.