Mo Ti Fún Ojú Rẹ Láyè

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Kí orí rẹ má gbàgbé ọ, kí ọpọlọ rẹ jí pépé, kí o rí ojú rere àwọn olùkọ́ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń rìn, ó sì ti já bọ́tìnnì mẹ́ta kúrò lára ṣòkòtò oníbàárà mi.

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ lórí omi kànga, tí o ní kí a wò ó bóyá o ṣe é dáadáa. Kí n má parọ́, inú bí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí ọ, o ò dá mi lóhùn, ò ń sọ tìrẹ lọ. Mo ní àbí ìwé àpọ̀jù ti sọ ọmọ yìí di agbéraga ni? Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé o ti sọ ọ́ tán kí n tó rí i, pé kò sí bí o ṣe lè gbọ́ mi. Mo ti dárí jì ọ́.

O ní lọ́jọ́ Ẹtì ni o máa dúró níwájú olùkọ́ mẹ́ta, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fún ọ, lẹ́yìn náà agogo á dún. Ahun ni wọ́n. Kíkí àgbà mẹ́ta nìkan ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. O tún ní bí o bá parí, ìwọ fúnra rẹ lo máa ní kí wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà? Bí wọ́n bá ti dákẹ́, dúpẹ́, kí o máa lọ.

Ohun tó dùn mí ni pé o ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n dá ọ padà, kì í ṣe torí pé o ò mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe torí pé ilẹ̀ lò ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá tún dá ọ padà, ọdún kan gbáko ti lọ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò mọ ìdí tí mo fi ní kí o máa wá a nílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ dán an wò fúnra mi. Mo gbé kóòtù mẹ́ta kọ́ ara àga mẹ́ta, mo dúró, mo tẹjú mọ́ òkè kọ́là wọn. Ojú mi ṣomi, ṣùgbọ́n mi ò kú. Ìyá rẹ wọlé, ó ní àwọn wo ni mò ń wò bẹ́ẹ̀, mo ní àwọn olùkọ́ rẹ ni. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fojú àánú wò ọ́, ó sì jáde.

Nígbà tí o wà ní kékeré, ọ̀gá iléèwé pè mí, ó ní ṣé mo lè rán aṣọ gbogbo ọmọ iléèwé. Mo lè rán an. Mo wo bàtà mi, mo ní bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó gbé iṣẹ́ náà fún télọ̀ mìíràn. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, abẹ́rẹ́ kan ti ń di méjì lójú mi. Bí kò bá sí, máà yáwó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbójú sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ ta nìyí tó ń wo àgbà bẹ́ẹ̀, sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o wò wọ́n. Ohùn rẹ á já geere, ojú ò ní tì ọ́, ọ̀nà rẹ á là. Bí o bá sì wálé, wo èmi náà lójú. Láti ìgbà tí o ti dàgbà, mi ò tíì rí ojú rẹ dáadáa rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.