Bàbá Mi, Ẹ Sún Kúrò Nídìí Ọkọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọkọ̀ ńlá yín kò tíì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Ewé omi ti ń hù lára rẹ̀. Ẹní àwọn obìnrin Ugbonla rin gbindin torí pé inú ọkọ̀ kékeré la há a mọ́. Ajẹ́lẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ̀, àwọn àbúrò yín mọ̀. Gbogbo wa mọ̀, a sì ń pe ìdúró náà ní ọ̀wọ̀ fún yín.

Ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ ti máa ń darí rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà láti jókòó síbẹ̀. Bí àwọn atukọ̀ bá fẹ́ bá omi kíkún lọ, Ẹ̀gbọ́n, tó di olórí wa báyìí, á ní òun ò mọ̀ bóyá ẹ ó fẹ́ ẹ. Wọ́n á dúró títí omi á fi fà. Àwọn ẹlẹ́ja gbígbẹ ń bi mí pé ṣé ẹni tó wà ní sàréè ò tíì ronú tán ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò tí ẹ rán mi lọ l'Ékòó, òyìnbó olùkọ́ wa kọ́ wa títí nípa ẹni tó yẹ kó pàṣẹ àti ẹni tó yẹ kó jíyìn. Inú mi ń dùn níbi tí mo jókòó sí, torí mo ti rí i lọ́wọ́ yín ná. Ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ ló ń rí kùkùté inú omi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ máa ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Ìyẹn ni àwọn atukọ̀ fi ń tù ú bíi tiwọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń wò yín, bí ẹ ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi tọ́ wò kí ẹ tó gbéra?

Ẹ̀gbọ́n ò ka àwọn ọkọ̀ kékeré sí, torí náà mo ti ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yan olórí tirẹ̀, kí ó sì máa gbéra nígbà tó bá rí i pé ó yẹ. Àwọn tó ń ráhùn ẹ̀yìn ríro lánàá ti ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ọjà Igbokoda á máa pe àwọn tó kù lẹ́yìn ní ìgbín. Bàbá, ẹ ì bá gbọ́ ariwo wọn! Orí mi wú.

Ó ku ọkọ̀ ńlá. Bùráímọ̀ ni mo fẹ́ fi sídìí rẹ̀, atukọ̀ yín, Mùsùlùmí yẹn tí ẹ máa ń dá ọkọ̀ dúró fún kó lè kírun. Ẹ̀gbọ́n ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Ọlọ́kọ̀ kan ní Awoye sì ti ń pe Bùráímọ̀ pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́. Bó bá lọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ayé yín sì parí nìyẹn. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ fara han Ẹ̀gbọ́n lójú àlá, ẹ sọ fún un fúnra yín. Ẹ mọ̀ pé kì í gbọ́ràn sí obìnrin lẹ́nu. Kó má kọjá alẹ́ tó ṣáájú ọjà Igbokoda tó ń bọ̀. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mo gbà pé ẹ ti gbà, Bùráímọ̀ á sì jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà.

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tó ń fi yín yangàn níbi gbogbo.