Ta Ló Kúnlẹ̀ Nínú Wọn?

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi dá mi lẹ́jọ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé mi ò jìnnà, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu mi, ká má tíì wá sọ pé kó gba ẹnu bírò jáde. Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé Bàbá ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará agboolé? Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí, etí wọn ò ní di. Ìsíátù àbúrò mi, ìwọ tó ń kà á fún wọn, má fo ibì kankan, má sì gbé e dé ìdí ẹ̀rọ omi.

Ǹ bá pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ògiri yàrá wa ní Ìsọlọ̀ níbí tín-ín-rín. Bí mo bá sín, yàrá kejì ni wọ́n ti ń ṣe yarhamukalláhù fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá kejì.

Ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni Gàfárù ọmọ yín ń dúró sí ní ilé ìtajà ńlá kan nítòsí ọjà Aswani, òun ló ń wo rìsíìtì àwọn tó rajà kí wọ́n tó jáde. Ẹ má bínú pé mo ń dárúkọ ọkọ mi gàdàgbà báyìí. Mo fẹ́ máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ́ "wọ́n" ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kó ọkọ mi pọ̀ mọ́ wọn. Mi ò ní kọ orúkọ ilé ìtajà náà, kí wọ́n má baà tún bẹ̀ mí. Ẹ máa tó mọ ìdí tí ẹ̀bẹ̀ wọn fi ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin kan jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún, ó ní lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà yẹn já báàgì òun gbà, ó sì pe òun ní olè lójú gbogbo èèyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Òṣòdì ti ń bá a sunkún. Àǹtí Tẹjú tá a jọ ń gbélé, tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Aswani, ló fi fídíò náà hàn mí, tó ń nu ojú. Èmi náà nu ojú, kí n tó rántí pé ọkọ mi ni wọ́n ń bú.

Ìyá mi, Sátidé yẹn mà ni ọjọ́ yìgì wa! Lọ́dọ̀ yín ní Ìkìrun ni Gàfárù wà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kò gbọdọ̀ dìde, ìgbà tó máa dìde, koríko ti wà nírùngbọ̀n ẹ̀. Báwo lẹni tó ń jẹ koríko ní Ìkìrun ṣe tún ń já báàgì gbà ní Ìsọlọ̀? Mi ò pe obìnrin náà ní òpùrọ́ o. Ó lè jẹ́ ilé ìtajà mìíì ni, ó lè jẹ́ nǹkan mìíì ló ń pa á lẹ́kún. Mi ò sí níbẹ̀, ẹni tí ò sí níbẹ̀ kì í jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ilé ìtajà náà ò bi ẹnikẹ́ni. Kí omijé obìnrin yẹn tó gbẹ, wọ́n ti kọ ọ́ sórí fóònù pé inú àwọn bàjẹ́ gidigidi, àwọn kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, àwọn ti dá òṣìṣẹ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìwádìí tó jinlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ọwọ́ méjì tó pàdé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ nìkan o, kò lórí, kò lọ́rùn. Mo bi Àǹtí Tẹjú pé ta ló kúnlẹ̀ nínú wọn gan-an, nítorí nílé wa, bí èèyàn bá kúnlẹ̀, a máa ń rí orúnkún rẹ̀. Ó ní, ìyàwó, kọ́ḿpìnnì ò lórúnkún.

Gàfárù mú fọ́tò yìgì lọ bá máníjà. Máníjà ní òun mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ṣebí òun lòun fún un láyè. Ó ní ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti gbọ́ pé àwọn ti dá ẹnì kan dúró, kò sì dáa kí kọ́ḿpìnnì purọ́.

Èmi gba ti ìwádìí yẹn gbọ́ ní tèmi. Bàbá ti kọ́ wa pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní àwọn tó kàwé tó báyìí á ti mọ̀ ọ́n. Mo gbálẹ̀, mo yá àga kún àga wa, mo se ẹ̀wà, mo dín dòdò, mo gbé fọ́tò tí koríko wà nírùngbọ̀n Gàfárù sórí tábìlì, kí àwọn olùwádìí lè rí ẹ̀rí kí wọ́n tó jẹun. Wọn ò dé. Mo tún se òmíràn lọ́jọ́ kejì. Gàfárù ló ń jẹ ẹ̀wà ìwádìí láàárọ̀ lálẹ́, ó ń ronú, ó sì ń sanra.

Mo kọ̀wé sí wọn lórí fóònù Àǹtí Tẹjú. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa, ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì sí wa. Inú mi dùn, mo ní a dúpẹ́, ará ilé ńkọ́? Wọ́n ní ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa, ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì sí wa. Mo ní ọkọ mi wà ní Ìkìrun lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa. Mo sọ fún Gàfárù pé ẹni tó ń dáhùn yẹn lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kò kanra mọ́ mi rárá. Gàfárù kọjú sí ògiri.

Ni Àǹtí Tẹjú bá ní, ìwọ ìyàwó yìí, orí ẹ ṣì wà ní Ìkìrun. Ó ní wọn kì í gbọ́ ti òṣìṣẹ́, ti kọ́sítọ́mà ni wọ́n ń gbọ́, kí n lọ ra nǹkan níbẹ̀ kí n lè di èèyàn. Mo lọ, mo ra iyọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy ló gbowó lọ́wọ́ mi. Ó pè mí ní ìyàwó wa, ó rọra sọ fún mi pé gbogbo àwọn ló mọ̀ pé Gàfárù ò ṣe nǹkan kan, kí n bá òun kí i. Ó tún fi nàílọ́ọ̀nù lé nàílọ́ọ̀nù kí iyọ̀ mi má baà dà.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí Àǹtí Tẹjú bá mi kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, látorí yìgì. Ó ní ta ló fẹ́ ka yìgì? Ó ní ká kọ́kọ́ fi ẹkún pè wọ́n ná, tí wọ́n bá yíjú sí wa, a ó wá sọ òtítọ́. Ó kọ ọ́ pé mo rajà níbẹ̀, pé wọ́n hùwà tí kò dáa sí mi, pé mi ò rí oorun sùn. Mo rò ó wò, mo ní òótọ́ kúkú ni, wọ́n hùwà tí kò dáa sí mi, mi ò sì rí oorun sùn. Ó ya fọ́tò rìsíìtì mọ́ ọn.

Omi tí mo gbé kaná ò tíì hó tí ọwọ́ méjì yẹn fi dé. Inú wọn bàjẹ́ gidigidi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ti dá òṣìṣẹ́ náà dúró. Mo ní òṣìṣẹ́ wo? Mi ò mà dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àṣé orúkọ Lucy ló wà lórí rìsíìtì. Mo yára kọ̀wé pé Lucy ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa.

Ìyá mi, Gàfárù ò tíì mọ̀ pé èmi ni. Lánàá tá a ń jẹun, ó ní ẹ ò rí Lucy, ọmọ jẹ́jẹ́, ẹni ibi kan ti tún parọ́ mọ́ òun náà. Ó ní Ọlọ́run á mú ẹni náà. Mo ṣe àmín. Mo bu ẹ̀wà kún tiẹ̀.

Àwọn tí mo se oúnjẹ dè, tí wọn ò wá, ti wá pe Àǹtí Tẹjú láàárọ̀ yìí pé àwọn ń bọ̀ lónìí, pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti kámẹ́rà, láti wá bẹ kọ́sítọ́mà àwọn. Àǹtí Tẹjú ní kí n gba ìrẹsì kí n panu mọ́, nítorí tí mo bá tú àṣírí yìí, èmi ni gbogbo Òṣòdì máa bú lọ́la. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu, tí wọ́n bá ti tan kámẹ́rà, n ó sọ ti Lucy, n ó sọ ti yìgì. Ẹ mọ̀ mí, ojú èèyàn méjì péré ti tó láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ bá mi ṣàdúà kí ahọ́n mi má lọ́. Ẹ bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ kan rí tí adájọ́ ti tọrọ àforíjì kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Tówó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi díẹ̀ rán dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, àti ẹ̀wà, nítorí ẹ̀wà ilé yìí ti bá ìwádìí lọ. Ọlọ́run á

Àwọn ọmọdé ti ń pariwo níta. Àǹtí Tẹjú ń pè mí, ó ní ìyàwó, wọ́n ti dé o, bọ́jú, ṣùgbọ́n má bọ́ ọ jù. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìyá mi, mo ti rí orúnkún kọ́ḿpìnnì. Lucy ni wọ́n mú wá. Òun ló ru ìrẹsì, wọ́n ń tọ́ka ibi tó máa kúnlẹ̀ sí fún un, kí oòrùn lè mú ojú ẹ̀ dáadáa. Gàfárù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo Lucy, ó ń wo èmi. Wọ́n tún ń pè mí. Mo ń jáde, Ìyá mi, kò ní kúnlẹ̀ fún mi, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un, kí kámẹ́rà wọn wá fúnra ẹ̀ sọ èwo nínú wa ni kọ́sítọ́mà, èwo ni