Bébà Bọ́mbọ́n Lábẹ́ Ìrọ̀rí Bàbá Mi

Bọ̀ọ̀dá Moucharafou, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín lórí rédíò ní Abidjan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà pè mí ní Ìyá Abobo.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi wé bọ́mbọ́n, súìtì tí àwọn ọmọdé ń lá, ní ilé iṣẹ́ kan nítòsí Port, èbúté ọkọ̀ òkun. Bàbá mi ló mú mi débẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń se ṣúgà níbẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ojú wọn ò ríran mọ́ báyìí. Bingerville ni wọ́n ń gbé, gbogbo Jímọ̀ ni mo sì ń mú bọ́mbọ́n wa lọ fún wọn.

Lọ́dún 2005, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Mi ò lè sọ ọ́ fún bàbá. Bọ́mbọ́n ilé iṣẹ́ míì ni mò ń rà, tí mò ń fi bébà wa àtijọ́ tí mo kó pamọ́ nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa wé. Bàbá á fọwọ́ pa á, wọ́n á ní, "Usine wa, ilé iṣẹ́ wa ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó wà dáadáa."

Lóṣù yìí, bébà ọwọ́ mi ku mẹ́ta péré. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ní Jímọ̀ tó kọjá, bàbá fa àpò kékeré kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo bébà tí mo ti ń mú wá ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Gbà, o máa nílò ẹ̀."

Mo gba àpò náà, mo fi í sínú báàgì mi.

Ẹ̀yin ará, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n máa wé e lọ? Mo ti wé ti Jímọ̀ ọ̀la sílẹ̀ ná.